Ohun tí Àbúrò Mi Ń Rí Bó Bá Dijú

Ìyá kan náà ló bí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ, ẹ̀yìn mi ló sì wà títí ó fi mọ ẹsẹ̀ rìn. Agboolé wa wà nísàlẹ̀ Bẹẹrẹ, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí Mápó. Kò tíì sí gbọ̀ngàn kankan lórí òkè náà nígbà tí mò ń sọ yìí. Àpáta, koríko àti ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀. Reluwé ti dé ìlú, Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti ń dájọ́, ogun sì ti di ìtàn lẹ́nu àwọn tó jà á. Àwọn ọkùnrin tó dàgbà sójú ogun wà káàkiri àdúgbò, wọn kò mọ ohun tí wọn ó fi agbára wọn ṣe mọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni àbúrò bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Òun ló gbà wá tọ́ nígbà tí bàbá wa kú. Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe ní Ọjà'ba. Ó ń rán àpò, bàtà àti tìmùtìmù, ó sì ń rán àkọ̀ fún àwọn tó ṣì ń gbé idà kiri fún ọlá lásán. Wọ́n ní nígbà tó wà ní ibùdó ogun, kò sẹ́ni tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ nínú ìjàkadì fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́. Bí ènìyàn bá bi í, á ní kí ẹni náà bá òun di awọ mú kí òun lè gé e.

Lẹ́yìn ìkórè, bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò kan máa ń bá ti àdúgbò mìíràn jìjàkadì ní gbangba kan nísàlẹ̀ Mápó. Kúdẹtì máa ń wá, Bẹyẹrúnkà máa ń wá, Oníyanrìn náà máa ń wá. Ọwọ́ Bàbá Kékeré ni àwọn ọmọ tiwa wà, bíi mẹ́fà tàbí méje. Bí wọ́n bá ti kí ìrun àsùbáà tán, á di iyanrìn tútù sínú agbọ̀n fún wọn, wọ́n á gbé e lé èjìká gun àpáta, wọ́n á dà á sókè, wọ́n á sáré sọ̀ kalẹ̀ láti wá bu òmíràn. Wọ́n á di ara wọn lọ́rùn mú, wọ́n á máa fa ara wọn. Wọ́n á wọ odò Kúdẹtì dé itan, wọ́n á máa rìn lòdì sí omi. Gbogbo ìyẹn kò ṣàjèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe níbi gbogbo.

Ohun tó ṣàjèjì ni ti ọ̀sán. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ díẹ̀, Bàbá Kékeré á tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n á fẹ̀yìn tì í, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á sì dijú. Á wá ní kí wọ́n ja ìjàkadì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́kàn. Kì í jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń hó fún wọn. Ilẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí: ṣé ó le ni, àbí ó ní òkúta wẹ́wẹ́? Oòrùn ńkọ́, ojú ta ló wà? Kí ni ara ẹni tí ẹ fẹ́ bá jà ń rùn, epo ni àbí òógùn? Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́, lẹ́yìn ọwọ́ ni èémí. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín yóò tún gbé agbọ̀n gun òkè. Àwọn àgbà agboolé máa ń kọjá, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní oorun ọ̀sán.

Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi í pé kí ni èyí wúlò fún. Ó dá a lóhùn pé, “Ara tí kò bá tíì dé ibì kan rí, ẹ̀rù á bà á níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkàn kọ́kọ́ débẹ̀, kó wá padà wá mú ara lọ.”

Àbúrò mi lágbára ju gbogbo wọn lọ. Kò tíì ju bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nígbà náà, ó sì ń gbé ọlọ ìyá wa láti ìta wọlé bí ẹní gbé àwo. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tó jà, ọmọ Kúdẹtì kan tí kò ga dé èjìká rẹ̀ ló dá a balẹ̀. Nígbà tí mo bi í ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní òun kò rí nǹkan kan, ariwo nìkan ni òun ń gbọ́. Bó bá sì di ọ̀sán, tí àwọn yòókù ń ja tiwọn lọ́kàn, oorun gidi ló máa ń gbé e lọ. Bàbá Kékeré nà án, kò ràn án. Ìgbà tó yá ló pè mí. Ó ní ọmọ yìí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ gùn bí kò ṣe èmi, nítorí náà èmi ni n óò máa bi í léèrè.

Bí mo ṣe wọnú ọ̀rọ̀ ìjàkadì nìyẹn, èmi obìnrin tí n kò tíì di ẹnikẹ́ni lọ́rùn mú rí. Lọ́sàn-án, n óò gbé òwú mi jókòó níwájú rẹ̀, n óò máa rànwú, n óò sì máa bi í. Níbo lo wà? Kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ? Ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ nà? Ó ń dáhùn jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ ní dídì. Nígbà tó fi máa di bí oṣù kan, oorun kò gbé e mọ́. Nígbà tó fi máa di ìgbà tí òjò rọlẹ̀, mo ń rí i tí itan rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó bá dé ibi tó ti fẹ́ gbé ẹni náà, òógùn á sì yọ sí i nímú láìjẹ́ pé ó mira. Mo fi etí mọ ìjàkadì. Mo mọ ọgbọ́n tirẹ̀ látòkè délẹ̀: á di ìbàntẹ́ ẹni náà mú, á mí sínú, á lọ sílẹ̀ lójijì, á ki ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn tirẹ̀, á sì yí. Ohun mẹ́rin ṣáájú yíyí. Mo lè kà wọ́n lójú oorun.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ó dá ènìyàn mẹ́rin balẹ̀ láàárín oṣù kan. Ariwo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Á wọ àárín agbo bí ẹni tó ń padà sí iyàrá rẹ̀. Ìyá wa kò lè wò ó, odò ló máa ń lọ títí wọn ó fi wá sọ fún un pé ó ti parí. Èmi ń wò ní tèmi, láàárín àwọn obìnrin, mo sì ń gbéraga. Mo rò pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn kẹta ni ọmọ Oníyanrìn dé. Wọ́n ní ọmọ ahunṣọ ni, òun náà sì ti ń hun. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ yọ̀ bí ẹja, ó sì pẹ́ kí àbúrò mi tó rí ìbàntẹ́ rẹ̀ dì mú. Nígbà tó rí i dì, gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe máa ń lọ. Ó mí sínú, ó lọ sílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀, ó yí. Ọmọ náà na ọwọ́ láti fi gba ilẹ̀, gbogbo ìwúwo àwọn méjèèjì sì bọ́ lé apá náà. A gbọ́ ọ láti ibi tí àwa obìnrin dúró sí. Bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣẹ́ ìrèké ló dún. Ọmọ náà kò ké. Ó jókòó, ó ń wo apá rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Àwọn ọmọ Bẹẹrẹ ti gbé àbúrò mi sí èjìká, ó sì ń jà láti sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá kan ní Oníyanrìn tó ń to eegun ló tọ́jú apá náà. Lẹ́yìn oṣù kan, a gbọ́ pé ó jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́, kò sì lè nà tán. Ahunṣọ tí apá rẹ̀ kò lè nà kò lè ju ọ̀kọ̀ ìhunṣọ láàárín òwú, ìyẹn ni pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìjàkadì yẹn ni Bàbá Kékeré tún tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo jókòó níwájú àbúrò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bí a ti ń ṣe. Ó rí ilẹ̀. Ó rí oòrùn. Ó di ìbàntẹ́ mú, ó mí sínú, ó lọ sílẹ̀, ó sì lajú. Ó ní apá ẹni náà ṣẹ́. Mo ní kò burú, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó tún ṣẹ́. Mo ní kó fi ẹlòmíràn síbẹ̀, ọmọ Kúdẹtì tó kọ́kọ́ dá a balẹ̀. Apá ọmọ Kúdẹtì náà ṣẹ́. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ méje, mo sì ń bínú sí i díẹ̀díẹ̀, mo rò pé kò fi ọkàn sí i ni. Ní ọjọ́ keje ló wò mí lójú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà ń ní kí n wò ó. Mo ń wò ó. Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀, ó ń ṣẹ́.”

Mo lọ sọ fún Bàbá Kékeré. Ó kọ́kọ́ ní kó fi ọgbọ́n mìíràn rọ́pò, kó máa gbá ẹni náà lẹ́sẹ̀ dípò kó gbé e. Àbúrò mi gbá a lẹ́sẹ̀ lọ́kàn, apá ṣẹ́. Bàbá Kékeré wá ní ó tó, kó má dijú mọ́, iṣẹ́ ara nìkan ni kó máa ṣe. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni a ti fi kọ́ ọkàn rẹ̀ láti máa ṣáájú ara, kò sì sẹ́ni tó lè pè é padà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan ìbàntẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ojú rẹ̀ á yí padà, á sì tú ọwọ́ sílẹ̀. Inú bí Bàbá Kékeré. Ó ní kó gbé iyanrìn gun òkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àbúrò mi sì ń gbé e láìjanpata, títí ìyá wa fi jáde wá gba agbọ̀n náà lórí èjìká rẹ̀.

Ìyá wa lọ bá àáfà. Àáfà kọ ẹsẹ Kùránì sí wàláà, ó fọ̀ ọ́ sínú àwo, àbúrò mi sì mu hàntú náà fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ní òun ń sùn dáadáa. Lóòótọ́ ló ń sùn dáadáa. Kò lálàá kankan. Ojúmọmọ ni tirẹ̀, nígbà tó bá dijú pẹ̀lú ọgbọ́n tí a fi kọ́ ọ.

Èmi ni mo dábàá pé kí a lọ sí Oníyanrìn. Mo rò pé bó bá rí ọmọ náà láàyè, tó ń jẹ, tó ń rìn, ojú rẹ̀ á gbàgbé ti àkọ́kọ́. Bàbá Kékeré rán àpò awọ kan, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó dára jù, ó ní kí a fi tọrọ àforíjì. A gba ẹ̀gbẹ́ òkè tí àwọn fáàdá ń gbé, Òkè Pádrè, a dé ilé ọmọ náà kí oòrùn tó mú. Ìyá ọmọ náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó tẹ́ ẹní fún wa, ó bu omi, ó ní eré ọmọdé ni, àkọsílẹ̀ Ọlọ́run sì ni, kí a má da ara wa láàmú. Ì bá sàn fún mi bó bá bú wa. Bàbá ọmọ náà ń hun aṣọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dá wa lóhùn ìkíni, ṣùgbọ́n kò dá iṣẹ́ dúró. Òfì kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, òwú ti wà lórí rẹ̀, wọ́n ti hun ún dé bí ìgbọ̀nwọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó jókòó sí i.

Ọmọ náà jáde wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi. Àwọn méjèèjì kò wo ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà bi àbúrò mi pé, “Ṣé ìwọ náà ṣì ń gbọ́ ọ?”

Àbúrò mi ní òun ń gbọ́ ọ.

“Mo rò pé èmi nìkan ni,” ni ọmọ náà wí.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo rí i pé àbúrò mi ń rìn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé òwú mi jókòó níwájú rẹ̀. Ó dijú. Nígbà tó lajú, ó ní apá náà ṣì ń ṣẹ́, àti pé nísinsìnyí òun tún ń rí òfì náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé. Gbogbo Bẹẹrẹ ti ń sọ ọ́ pé àbúrò mi ni yóò bá akọni Bẹyẹrúnkà jà, ẹni tí kò tíì ṣubú rí. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Òun ló ní òun á jà, pé bóyá bí òun bá ṣe é lójúkorojú tí apá kankan kò sì ṣẹ́, ọkàn òun á gbà pé irọ́ ni èyí tó ń rí. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n àyà mi kò balẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ jà, mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Kékeré níbi tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ọ́ kúrò, kó ní ara rẹ̀ kò yá. Ó ní irọ́ náà á dójú ti ọmọ náà ju ìṣubú lọ. Mo ní kó ṣe nǹkan mìíràn nígbà náà, nítorí òun ni àgbà, òun ló sì mú ẹ̀kọ́ náà wá. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ọmọ mi, èmi ni mo kọ́ àbúrò rẹ láti máa rí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ènìyàn láti má rí mọ́.”

Mo bi í bóyá òun náà ti rí irú rẹ̀ rí, níbi ogun. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn. N kò bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wà níwájú láàárín àwọn obìnrin, ìyá wa sì ti lọ sí odò. Àbúrò mi àti ọmọ Bẹyẹrúnkà náà yí ara wọn ká, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n tú, wọ́n tún di. Ọmọ náà lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi mọ̀ jù ú lọ, kò sẹ́ni tó mọ ìjàkadì tí kò rí i. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí ìbàntẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lábẹ́ ahọ́n. Ó mí sínú. Ó lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá sẹ́yìn. Ọmọ Bẹyẹrúnkà ti kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń jà lófuurufú. Ó ku kó yí.

Ọwọ́ àbúrò mi sì ṣí. Ó gbé ọmọ náà sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹní ń sọ igbá omi kalẹ̀. Mo fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n kí ni n bá kígbe? Kí n ní kó yí i? Kí n ní kó má yí i? Ẹnu ya ọmọ Bẹyẹrúnkà fúnra rẹ̀, ó dúró ṣinṣin bí ìgbà tí ènìyàn bá mí lẹ́ẹ̀kan, ó wá di àbúrò mi mú, ó sì dá a balẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ gbàà.

Bẹyẹrúnkà hó. Àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pé ó ti ta àdúgbò. Ẹnìkan tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Bàbá Kékeré mú un lọ́wọ́, ó sì mú un jáde láàárín èrò bí ẹní ń fa afọ́jú. Nígbà tí a délé, àbúrò mi ní kí wọ́n jọ̀wọ́, òun kò ní jà mọ́. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Láti ọjọ́ náà ni ti ọ̀sán ti dópin ní agboolé wa. Àwọn ọmọ yòókù ń gbé iyanrìn wọn, wọ́n ń wọ odò, wọ́n sì ń ṣubú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, Bàbá Kékeré á tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, á dúró níwájú wọn, á la ẹnu, á tún pa á dé, á ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ wẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àbúrò mi bá a rán awọ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá alágbára tó máa bá wọn to irin reluwé lọ sí Òṣogbo, ó bá wọn lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú èjìká tó tóbi sí i, ó gbé ìyàwó, ó bímọ. Ọjọ́ tí mo sọ ọmọ mi kẹta lórúkọ, a jọ jókòó sẹ́yìn ilé lẹ́yìn tí àlejò ti lọ, mo sì fi ọgbọ́n bi í bóyá ó ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ó ní kì í ṣe ojoojúmọ́ mọ́.

“Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn yín ni mo fi mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí ẹ bá ti bi mí, mo ti débẹ̀.”

N kò bi í mọ́ títí di òní. Ohun tó kù tí mo lè ṣe fún un nìyẹn, pé kí n má sọ̀rọ̀.

Ọmọ Oníyanrìn di oníṣòwò òwú. Ó ní ìsọ̀ kan ní Ọjà'ba, ó ń fi apá òsì wọn òwú, ó sì ń ṣe dáadáa. Mo máa ń rí àbúrò mi lọ́dọ̀ rẹ̀ bí mo bá ń kọjá, àwọn méjèèjì á jókòó lórí àpótí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ òjò àti iye tí òwú Ìlọrin ń lọ. Mo máa ń kí wọn. Wọ́n á dáhùn, wọ́n á bi mí nípa àwọn ọmọ. N kì í dúró pẹ́.